Nígbà Tí Ìbejì Bá Dé Kí Oṣù Wọn Tó Pé

Ẹ ti lè kọ orúkọ yín báyìí, ẹ sì ti mọ nọ́ńbà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ fi hàn yín bí ìwé díẹ̀ tí ènìyàn mọ̀ ṣe lè ran ọmọ jòjòló lọ́wọ́ nílé ìwòsàn. Ẹ rọra kà á. Bí ó bá gùn jù fún ọjọ́ kan, ẹ pín in sí méjì.

1. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá Ìbejì ni a ó máa pè é. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Raji Rasaki Estate ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Èkó. Orúkọ Raji Rasaki, tí ó di gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1988, ni a fi pe àdúgbò náà.

Ìyá yìí lóyún ìbejì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ó ń retí àti bí. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 30, omi ya lára rẹ̀ lóru. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bí ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ìwọ̀n Táíwò jẹ́ 1.4 kg. Ti Kẹ́hìndé jẹ́ 1.3 kg. Bí a bá kó àwọn méjèèjì pọ̀, wọn kò ju ìwọ̀n ọmọ kan ṣoṣo tí oṣù rẹ̀ pé lọ.

Wọ́n sáré gbé àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó fi ojú kàn wọ́n, inú àpótí gíláàsì ni wọ́n wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nímú wọn. Awọ wọn fẹ́lẹ́, ara wọn pupa. Ẹ̀rù ba ìyá láti fọwọ́ kàn wọ́n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí a kò fi ìjókòó lọ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ sọ nìyí: ìyá àti bàbá kì í ṣe àlejò ní wọ́ọ̀dù ọmọ wọn. Àyà wọn, omi ọyàn ìyá, ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ, báírò tí ó wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ni ó wà lára ìtọ́jú.

2. Kí ló dé tí ìbejì fi ń tètè dé?

Oyún tí ó pé a máa tó ọ̀sẹ̀ 37, ó kéré tán. Ọmọ tí a bá bí ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni. Wọn kò ṣọ̀wọ́n o. Ní ọdún 2020, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bí káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 13. Bí a bá ka ọmọ mẹ́wàá tí a bí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irú rẹ̀.

Ti ìbejì tún wá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ọmọ kan ni, èrò inú rẹ̀ di méjì. Ilé náà a tètè fẹ̀, a tètè kún, ìrọbí a sì tètè bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá sì wà lára àwọn tí ń bí ìbejì jù lọ láyé. Ta ni kò mọ Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nítorí ìbejì? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ìbejì ṣòro láti tọ́ yè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère ìbejì. Bí ọmọ kan bá kú, wọn a gbẹ́ ère kékeré dípò rẹ̀. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a máa gbé oúnjẹ fún un. Ọ̀pọ̀ irú ère bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó títí di òní. Àwọn òyìnbó ń wo igi gbígbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ère kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan wà, ìyá kan sì wà tí ó sunkún.

Bí ìbejì bá tètè dé, àwọn ará ilé a máa wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Wọn a ní ìyá gbé ẹrù wúwo, tàbí pé ayé ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá kún ìrora rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ọmọ oṣù méje a máa yè, ti oṣù mẹ́jọ kì í yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ nínú ìyá rẹ̀ tó ni ó ń gbó sí i.

Ohun kan wà tí aboyún lè ṣe. Bí ìrọbí bá mú un kí oṣù tó pé, kí ó má ṣe dúró sílé wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí wọ́n gbé e lọ kíákíá sí ilé ìwòsàn tí ó ní ibi ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà lè gún fún ìyá kí ó tó bí, tí yóò ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́wọ́. Bí ó bá ti bímọ tán kí ó tó dé, abẹ́rẹ́ náà kò wúlò mọ́.

3. Kí ni ọmọ náà kò tíì lè ṣe?

Ohun mẹ́rin ni.

Èkíní, mímí ṣòro fún un. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Nígbà mìíràn, ọmọ a gbàgbé láti mí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún un ní ọ́síjìn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ.

Èkejì, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, nítorí kò ní ọ̀rá lára. Ní Èkó yìí náà, tí ooru ń mú àgbàlagbà, òtútù lè pa á.

Ẹ̀kẹta, kò lè mu ọyàn. Kí ọmọ tó lè fa ọyàn, kí ó gbé e mì, kí ó sì tún máa mí, ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. Títí di ìgbà náà, inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni omi ọyàn ń gbà, láti imú tàbí ẹnu dé inú ikùn.

Ẹ̀kẹrin, kò lágbára láti bá àrùn jà. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ìbáà ṣe bàbá rẹ̀.

4. Àyà ni a ń pọn ọ́n sí

Ẹ̀yìn ni àwa ń pọn ọmọ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àyà ni a ń pọn ọ́n sí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a bọ́ aṣọ ọmọ, a ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ìyá a tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Wọn a gbé ọmọ dúró ṣánṣán sáàrin ọmú méjèèjì, ara kan ara. Wọn a yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí imú rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Wọn a wá fi aṣọ gbá a mọ́ra dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní fún un níkùn. Ìyá a fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ooru ara ìyá a wọ ara ọmọ. Ọmọ a máa gbọ́ bí ọkàn ìyá ṣe ń lù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ nínú oyún.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní kangaroo. Ẹranko kan ni, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn.

Ibo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, àpótí gíláàsì kò tó ní ilé ìwòsàn kan. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kan, àrùn sì ń ràn wọ́n. Dókítà Edgar Rey wá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sí àyà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn káyé.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà a ní kí ọmọ kọ́kọ́ lágbára nínú àpótí ná, kí ìyá tó gbé e sí àyà. Nígbà tí ó yá, wọ́n dán ọ̀nà mìíràn wò ní ilé ìwòsàn márùn-ún, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ti Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ wa níhìn-ín ni. Ọmọ 3,211 ni wọ́n tọ́jú. Kò sí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 1.8 kg nínú wọn. Wọ́n tètè gbé àwọn kan sí àyà gẹ́rẹ́ tí a bí wọn, fún nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Àwọn yòókù kọ́kọ́ wà nínú àpótí tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń móoru. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní oògùn àti ọ́síjìn bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 2021, wọ́n kéde èsì rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí ó kọ́kọ́ wà nínú àpótí, bíi 16 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú ọmọ 100 tí ó tètè wà ní àyà, 12 ni. Ẹ fi ìka yín ṣírò rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin yè nínú ọgọ́rùn-ún nítorí àyà ìyá. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ fún gbogbo ayé pé kí a tètè máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àyà, láti wákàtí 8 títí dé wákàtí 24 lójúmọ́. Àwọn ìyá ní Ifẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí.

Nítorí náà, má ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà. Béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè gbé Táíwò sí àyà lónìí?" Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, tún béèrè lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ìyá lè gbé àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tàbí kí ìyá gbé ọ̀kan, kí bàbá gbé èkejì. Àyà bàbá náà ń móoru.

5. Omi ọyàn

Omi ọyàn tí ó kọ́kọ́ jáde a máa ki, a sì máa pọ́n díẹ̀. Ẹ má dà á nù. Ó ń bá ọmọ lé àrùn jìnnà. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè má ju ìkán bíi mélòó kan lọ. Ó tó. Ikùn ọmọ náà kéré.

Kí ìyá fọ ọwọ́, kí ó fún ọyàn sínú ife mímọ́, ó kéré tán ìgbà 8 láàrin ọ̀sán àti òru. Bí kò bá fún un lóru, ọyàn yóò máa gbẹ. Nọ́ọ̀sì ni yóò sọ bí a ó ṣe tọ́jú èyí tí ó bá ṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ kẹfà, màmá ọkọ Ìyá Ìbejì dé. Ó mú ìgò àgbo dání.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ìkán méjì péré ni n ó kán sí wọn lẹ́nu. Òun la fi tọ́ ọkọ rẹ."

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Nọ́ọ̀sì ní omi ọyàn nìkan ni, mà. Kò sí omi, kò sí àgbo. Ikùn wọn kò tíì gbó."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Ṣé kí n kàn jókòó ni?"

"Rárá o, mà. Ẹ wá fọ ọwọ́ yín, kí ẹ bá mi gbé Kẹ́hìndé sí àyà, kí n lè ráyè fún ọyàn."

Màmá fọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé e láyà. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rọra ń ki oríkì ìbejì sí ọmọ náà létí. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ kò, àwọn ará ilé ń béèrè ìsọmọlórúkọ. Màmá fúnra rẹ̀ ni ó dá wọn lóhùn pé, "Wọ́n ti mú orúkọ wọn bọ̀ látọ̀run. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sanra ná."

6. Ìwé Ìyá Ìbejì

Ẹ kọ́kọ́ mọ àmì mẹ́rin yìí. Ẹ ó rí wọn lára káàdì ọmọ.

kg ni kílò.
g ni gíráàmù. 1,000 g ni 1 kg.
ml ni ìwọ̀n omi ọyàn tàbí oògùn olómi.
°C ni ìwọ̀n ooru ara. Ti ọmọ gbọ́dọ̀ wà láàrin 36.5 sí 37.5.

Ohun karùn-ún ni orúkọ. Lára ìbejì, èyí ṣe pàtàkì jù. Nílé ìwòsàn, wọ́n lè kọ "Twin 1" àti "Twin 2" sí wọn lẹ́sẹ̀. Twin 1 ni ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde, Táíwò nìyẹn. Twin 2 ni Kẹ́hìndé. Àwa mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwé ilé ìwòsàn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a tó fún ọmọ ní oògùn tàbí omi ọyàn, ẹ ka ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ti ọ̀kan má bàa di ti èkejì.

Ìyá Ìbejì ra ìwé kékeré kan àti báírò. Ẹ wo ohun tí ó kọ.

Ọjọ́ 19.
Ìwọ̀n: Táíwò 1.50 kg. Kẹ́hìndé 1.38 kg.
Ago 6 àárọ̀: Táíwò 28 ml, 36.8 °C. Kẹ́hìndé 26 ml, 36.7 °C.
Ago 9 àárọ̀: Táíwò 28 ml, 36.9 °C. Kẹ́hìndé 15 ml, kò gba ìyókù. 36.1 °C. Mo pe nọ́ọ̀sì.

Ẹ tún ìlà tí ó kẹ́yìn kà. Láti ago 6 sí ago 9, oúnjẹ Kẹ́hìndé dínkù, ara rẹ̀ sì tutù. Ọmọ kò sunkún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sunkún bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ìwé ni ó bá a sọ̀rọ̀. Ìyá kò ní, "Bóyá ó ń sùn ni." Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì pe dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àrùn ti fẹ́ wọ ara rẹ̀. Ká ní ó di òru ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá yí padà.

Ohun kan tún wà nípa ìwọ̀n. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọmọ a máa lọ sílẹ̀. Ẹ má fòyà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó padà sí iye tí a bí i. Láti ìgbà náà ni ó yẹ kí ó máa pọ̀ sí i.

7. Bàbá, ẹbí àti owó

Ìtọ́jú yìí pẹ́, ó sì ń gba owó. Kí a pín iṣẹ́. Ní ti Ìyá Ìbejì, bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ń gbé ọmọ sí àyà ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń se oúnjẹ láti ilé wá, nítorí ìyá tí ebi ń pa kì í lè fún ọyàn tó. Aládùúgbò kan ń bá wọn fọ ìlédìí. Kò sí ẹni tí ó ṣe ohun ńlá, ṣùgbọ́n ẹrù náà fúyẹ́.

Ní ti owó, ìjọba Èkó ní ètò ìlera tí a ń pè ní Ìlera Èkó. A ń san owó sí i ṣáájú àìsàn, kì í ṣe ìgbà tí àìsàn bá dé. Kí aboyún forúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ó sì béèrè ohun tí ètò náà ń san àti èyí tí kò san. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé yín.

Ẹ tún ṣọ́ ìyá. Bí ó bá ń sunkún lójoojúmọ́, tí kò lè sùn, tí kò fẹ́ wo ọmọ mọ́, àìsàn ni. Kì í ṣe ìwà. Kí a sọ fún dókítà.

A kò sì ní parọ́ fún yín. Nígbà mìíràn, pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú, ọ̀kan a lọ, ọ̀kan a kù. Ẹ má sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé, "Ó kúkú ku ọ̀kan." Ọmọ méjì ni ó bí. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún ọ̀kan, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́ láti tọ́jú èkejì.

8. Ọjọ́ ilé

Ọmọ lè lọ sílé bí ó bá ń mí dáadáa láìsí ọ́síjìn, bí ó bá ń mu ọyàn tàbí tí ó ń mu ún nínú ife, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná bó ti yẹ, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Táíwò lọ sílé ní ọjọ́ 41. Kẹ́hìndé kù sẹ́yìn. Ìyá kò mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. Màmá gba Táíwò sí àyà nílé, wọ́n sì ń gbé omi ọyàn wá fún un. Ní ọjọ́ 47, Kẹ́hìndé náà délé. Oṣù Kejìlá tí à bá bí wọn kò tíì wọlé.

Bí ẹ bá délé, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ máa pọn ọmọ sí àyà nìṣó. Bí ó bá ń sùn fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi lélẹ̀.

Ẹ má kó kánfọ̀ funfun tí a ń fi lé kòkòrò sínú aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan nílẹ̀ wa kò lè gbà á. Ẹ̀jẹ̀ náà a máa fọ́, ojú ọmọ a sì pọ́n bí ìyeyè.

Bí ojú ọmọ bá pọ́n, bí kò bá mu ọyàn, bí ara rẹ̀ bá tutù tàbí tí ó gbóná jù, tàbí tí mímí rẹ̀ ń yára, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a bí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń retí kí ó jókòó tàbí kí ó rìn, ọjọ́ tí oṣù rẹ̀ ìbá pé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má fi wé ọmọ aládùúgbò. Kí dókítà sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì ṣì ní ìwé kékeré náà. Bí àwọn ọmọ bá dàgbà, tí àwọn náà mọ ìwé kà, wọn yóò rí ọjọ́ 19 níbẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún Ìyá Ìbejì nígbà tí ó bí?
2. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì lè ṣe.
3. Ìlú wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti dán gbígbé ọmọ sí àyà wò?
4. Kí ni Màmá mú wá? Kí ni ó wá ṣe dípò rẹ̀?
5. Bí ìwọ̀n ooru ọmọ bá jẹ́ 36.1 °C, ṣé ó dára? Kí ni ìwọ yóò ṣe?

Iṣẹ́ àmúrelé

Fa ìlà sínú ìwé rẹ. Kọ orúkọ ọmọ kan nílé rẹ, ọjọ́ tí a bí i, àti ìwọ̀n rẹ̀ bí ó bá wà lára káàdì rẹ̀. Ka ohun tí o kọ sókè fún ẹnì kan nínú ilé.